Ọgọ́ta Ìrudi Peach Ní Alẹ́ Ọdún Igi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí òtútù ọjọ́ náà ṣe mú tó, torí bí ẹ ò bá mọ ìyẹn, ìtàn yìí ò ní yé yín dáadáa. Ní òru ọjọ́ 3 mọ́jú ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2023, òtútù kan já wálẹ̀ láti ọ̀nà Kánádà, ó sì bo apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní ìlú Boston, ó dé −23 dígírì. Lórí Mount Washington, òkè ńlá kan ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, tí ẹ bá ro òtútù àti atẹ́gùn pọ̀, bó ṣe máa rí lára ènìyàn jẹ́ −78. Fíríìsà tí ẹ ń di ẹja sí nílé, −18 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wá fojú inú wò ó. Èmi tí mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọyẹ́ oṣù Kejìlá ní Ìbàdàn ni wọ́n ń pè ní òtútù, ṣòkòtò mẹ́ta ni mo wọ̀ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ Sọ́ńdè, mo ní òde àjọ̀dún kan láti lọ. Ẹni tó pè mí, láàbù kan náà la jọ wà ní yúnifásítì wa ní ìwọ̀-oòrùn Massachusetts. Júù ni, igi eléso la sì jọ ń kọ́ nípa rẹ̀. Ó ti bá mi sọ ọ́ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

"Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Júù fẹ́ ṣọdún. Wá bá wa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ọdún kí ni?"

"Ọdún tuntun àwọn igi."

Mo yíjú sí fèrèsé. Yìnyín wà nílẹ̀. Igi tó wà níta kò ní ewé kan ṣoṣo lórí, ó dúró gbagidi bí ọ̀pá iná. Mo ní, "Igi wo ló ń ṣọdún nínú èyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo fẹ́ kí o wá ṣàlàyé gan-an nìyẹn."

Orúkọ ọdún náà ni Tu BiShvat. Shevat ni orúkọ oṣù. "Tu" ní tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀, nọ́ńbà ni. Lẹ́tà Hébérù ni wọ́n máa ń fi kọ nọ́ńbà: tet jẹ́ 9, vav jẹ́ 6, ẹ ro wọ́n pọ̀, ó di 15. Kí ló dé tí wọn ò kúkú lo 10 àti 5? Torí pé lẹ́tà méjèèjì yẹn ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ Ọlọ́run, wọn kì í sì í kọ ọ́ báyẹn síbi tí kò yẹ. Oṣù wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oṣù tuntun bá lé, nítorí náà ọjọ́ 15 máa ń bọ́ sí ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú. Ṣùgbọ́n ọdún yìí kì í rìn káàkiri gbogbo ọdún bí Iléyá ṣe máa ń rìn. Àwọn Júù máa ń fi oṣù kan kún ọdún wọn ní ẹ̀ẹ̀meje láàrín ọdún 19, kí òṣùpá àti oòrùn má bàa jìnnà síra jù. Ìdí nìyẹn tí Tu BiShvat fi máa ń wà láàrín oṣù Kìíní àti oṣù Kejì. Ní 2022, ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ni. Ní 2023, ọjọ́ 6 oṣù Kejì ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí pé alẹ́ ni ọjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kì í ṣe ọdún àríyá rárá. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, bí ìgbà tí ìjọba bá ní ọdún owó-orí ti parí. Òfin wọn ní kí àgbẹ̀ yọ ìdá mẹ́wàá nínú èso oko rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi èso ọdún yìí san gbèsè ọdún tó kọjá. Òfin tún ní kí wọ́n má jẹ èso igi kan fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbìn ín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ wo ni ká sọ pé ọdún rẹ̀ pé? Nínú Mishnah, ìwé òfin kan tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 1,800 sẹ́yìn, ọdún tuntun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà, ti igi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ọmọlẹ́yìn Shammai ní ọjọ́ kìíní Shevat ni ti igi. Àwọn ọmọlẹ́yìn Hillel ní rárá o, ọjọ́ 15 ni. Ti Hillel ló borí.

Kí ni wọ́n gbé e kà? Àwọn àgbà inú Talmud ní tó bá fi máa dìgbà yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú òjò ọdún ti rọ̀. Ẹ rántí pé ní Ísírẹ́lì, òdìkejì tiwa ni: ìgbà òtútù ni òjò wọn, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹrin, ìgbà ooru sì ni ọ̀gbẹlẹ̀. Èso tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣáájú ọjọ́ 15 Shevat, ọdún àná ló ni ín. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀, ọdún tuntun ló ni ín.

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi mọ́ láti ọjọ́ tí mo kà á. Ìgbà wo gan-an ni èso bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú peach. Fún ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ rí, ó tóbi tó àgbálùmọ̀, irun múlọ́múlọ́ wà lára èèpo rẹ̀, inú rẹ̀ dùn ó sì lómi bíi máńgòrò, kóró líle kan ṣoṣo ló wà láàrín. Níhìn-ín, oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ló máa ń pọ́n. Òdòdó rẹ̀ máa ń tanná ní nǹkan bí oṣù Kẹrin. Ẹ máa rò pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, àbí? Ó tì. Ìrudi tí òdòdó yẹn ti jáde, ìyẹn kókó kékeré tó wà lára ẹ̀ka, ìgbà ooru ọdún tó ṣáájú ni igi ti ṣe é, ní àkókò tí àwọn ènìyàn ṣì ń ká peach ti ọdún náà lórí igi kan náà. Gbogbo ẹ̀yà òdòdó ló máa wà nínú kókó yẹn kí òtútù tó dé, ní wínníwínní. Nítorí náà, ní alẹ́ Tu BiShvat, peach ọdún tó ń bọ̀ ti wà lórí igi. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì ju orí ìbọn ìṣáná lọ ni.

Ọ̀rọ̀ ìrudi yìí ló gbé mi dé oko bàbá kan. Oko peach àti ápù ló ní, kò jìnnà sí ilé-ìwé wa. Ní ìgbà ooru 2022, mo máa ń lọ bá a ká peach ní Sátidé, ó máa ń san owó díẹ̀ fún mi, ó sì máa ń fi èyí tó ti fara pa kún un. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ní kí n máa pe orúkọ òun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ń pè é ní "sà" títí dòní, ó sì ti gba kámú.

Lówùúrọ̀ Sọ́ńdè yẹn, òtútù ti rọ̀ díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ. (Kì í wa mọ́tò ní Sátidé torí Sábáàtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ kọ́ la bá lọ.) Mo fẹ́ gé ẹ̀ka díẹ̀ tí màá fi ṣàpẹẹrẹ níbi ọ̀rọ̀ mi. Bàbá náà dúró láàrín igi rẹ̀, ọwọ́ nínú àpò. Kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀ka ṣe. Ó tọ́ka sí àwọn igi tó fẹ́ kí n gé lára wọn, èyí tó wà lókè àti èyí tó wà ní kòtò, ó wá ní, "Tí ẹ bá ti là á, kí ẹ pè mí. Bó ṣe wù kó pẹ́ tó."

Ẹ gbọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Oṣù Kìíní 2023 ni oṣù Kìíní tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù lọ tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní Massachusetts. Àwa àjèjì ń yọ̀, à ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé pé òtútù ò mú mọ́. Inú àwọn olóko ò dùn rárá. Ìrudi peach tí òtútù bá ti mú díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Kọkànlá máa ń le, ó lè fara da òtútù tó sún mọ́ −23. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti rọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn gbogbo oṣù tó rọ̀ ọ́ lọ́kàn yẹn, −23 wá bọ́ lù ú lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

A gbé ẹ̀ka náà wá sí láàbù, a fi wọ́n sínú omi nínú yàrá tó móoru títí di ìrọ̀lẹ́. Ó nídìí. Tí ẹ bá la ìrudi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó ṣì máa dà bí àáyè. Ó máa ń gbà á ní wákàtí mélòó kan nínú ooru kí ibi tó kú tó yí àwọ̀ padà.

Nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 25 ló wà níbi ọdún náà, Júù ló pọ̀ jù. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn, èso sì kún orí rẹ̀ fọ́fọ́: dàbínù, ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, ólífì, álímọ́ńdì, àjàrà, pómégíránétì. Yìnyín níta, èso ilẹ̀ olóoru nínú ilé. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí sọ pé California ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Òótọ́ ni, nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá álímọ́ńdì gbogbo ayé ló ń ti ibẹ̀ jáde.

Àwọn onímọ̀ àṣírí inú ẹ̀sìn Júù ló sọ ọjọ́ ìṣirò yìí di àpèjẹ tó ní ètò. Ní ọ̀rúndún 18, ìwé kékeré kan jáde tó to ètò náà lẹ́sẹẹsẹ. Ife wáìnì mẹ́rin ni wọ́n ń mu. Àkọ́kọ́ funfun. Wọ́n á da pupa díẹ̀ sí ìkejì, wọ́n á fi kún un ní ìkẹta, ìkẹrin á pọ́n pátápátá. (Àwọn tí kò tíì pé ọdún 21 ń mu omi àjàrà. Òfin ìjọba ò mọ̀ pé igi ń ṣọdún.) Lára ife kọ̀ọ̀kan ni irú èso kan wà. Àkọ́kọ́ ni èso tó ní èèpo líle níta, tí à ń jẹ inú rẹ̀, bí álímọ́ńdì. Ìkejì ni èyí tí à ń jẹ ìta rẹ̀, tí kóró wà nínú, bíi dàbínù àti ólífì. Ìkẹta ni èyí tí à ń jẹ tinú-tòde, bí ọ̀pọ̀tọ́. Ìkẹrin kò ní èso kankan. Mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní ipele tó ga jù nìyẹn, kò sí ohun tó ṣe é fi ọwọ́ mú níbẹ̀.

Nígbà tí mo máa sọ̀rọ̀, mo fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni álímọ́ńdì àti peach, Prunus làwọn méjèèjì. Lójú onímọ̀ igi, irú èso kan náà ni wọ́n: ẹran lóde, kóró líle láàrín, irúgbìn nínú kóró. Lára peach, à ń jẹ ẹran, à ń ju kóró nù. Lára álímọ́ńdì, ẹran ló ń gbẹ dànù, à ń fọ́ kóró, à ń jẹ irúgbìn. Tí ẹ bá fọ́ kóró peach, ẹ máa rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó jọ álímọ́ńdì bí ẹni jọ ìbejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ẹ́ o, ó korò, ó sì ní ohun tó lè di májèlé sáyánáìdì nínú ara. Nítorí náà, ṣé ife àkọ́kọ́ ni álímọ́ńdì yẹ kó wà tàbí ìkejì? Ariwo ta. Ọmọkùnrin kan ní kì í ṣe ohun tí èso jẹ́ ni ètò náà ń wò, ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló ń wò. Mo gbà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Álímọ́ńdì yìí kì í ṣe èyí tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín, fúrúùtù tí à ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti jẹ ara rẹ̀ tán. Àwọn òyìnbó ń pe ìyẹn náà ní álímọ́ńdì, ṣùgbọ́n kò bá èyí tan rárá. Ohun tó bá wa tan lórí tábìlì yẹn ni carob. Páádi gígùn ni, ó dúdú díẹ̀, ó gbẹ, ó sì dùn. Torí pé ó gbẹ ni àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ń rí i rà nígbà òtútù, tí wọ́n fi ń ṣọdún yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí mo ṣe rí i ni mo pariwo "Irúgbá!" Gbogbo wọn wò mí. Ẹbí ẹ̀wà làwọn méjèèjì, páádi wọn sì jọra débi pé orúkọ kan náà, locust bean, ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n. Mo sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ tiwa, inú ọbẹ̀ ni irúgbìn rẹ̀ ń lọ, lẹ́yìn tí a bá ti sè é tí a sì bò ó títí tó fi ń rùn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ òórùn irú. Mo fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sórí iṣẹ́ tí wọ́n pè mí fún. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣọdún igi nígbà tí igi dà bí òkú?

Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ìdáhùn wà níta. Álímọ́ńdì ló máa ń kọ́kọ́ tanná nínú gbogbo igi, ní nǹkan bí àkókò Tu BiShvat gan-an, kó tó yọ ewé rárá. Orúkọ rẹ̀ lédè Hébérù, shaked, tan mọ́ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn máa ṣọ́nà. Ẹ̀yin ọmọ Sunday school, ẹ rántí ọ̀pá Áárónì? Álímọ́ńdì ló so.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe ń mọ̀ pé àkókò ti tó? Igi ń ka òtútù. Nígbà tí ọ̀sán bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, họ́mónù kan tó ń jẹ́ ABA máa ń pọ̀ nínú ìrudi. Àwọn ihò tóóró kan wà láàrín sẹ́ẹ̀lì àti sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ síra wọn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí igi aspen fi hàn pé ABA ló ń jẹ́ kí ihò wọ̀nyẹn dí. Tí ihò bá ti dí, bí oòrùn ṣe wù kó ràn tó, ìròyìn "dìde, dàgbà" kò lè wọlé dé inú ìrudi. Òtútù ló máa ń ṣí ihò yẹn, díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe òtútù líle o. Èyí tó wà láàrín 0 sí 7 dígírì ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, ooru inú fíríìjì yín gan-an. Àwọn olóko ń ka wákàtí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ álímọ́ńdì ń fẹ́ bíi 200 sí 500. Ọ̀pọ̀ ápù ń fẹ́ nǹkan bí 1,000. Ìdí tí álímọ́ńdì fi ń ṣíwájú gbogbo wọn nìyẹn: kíkà tirẹ̀ kò pẹ́. Tí kíkà bá ti pé, ooru ló kù tó ń dúró dè, ooru tó bá sì dé ló máa gbà, ì báà jẹ́ ooru ẹ̀tàn inú oṣù Kìíní.

"Òtútù tó ń ṣí i náà ló tún ń pa á?" ọ̀kan nínú wọn béèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbé ike omi kúrò nínú fíríìsà rí, tí omi inú rẹ̀ ṣì ń ṣàn, àmọ́ tí ẹ bá gbá a mọ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí ló máa dì gbagidi lójú yín. Ìrudi peach ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi inú òdòdó kékeré yẹn máa ń tutù kọjá òdo dáadáa láìdì. Kò ní dì ní −10, kò ní dì ní −15. Ó níbi tó máa dé tí kò ní lè mú un mọ́ra mọ́, á wá dì lẹ́ẹ̀kan náà, sẹ́ẹ̀lì á bẹ́, ó parí.

Mo wá sọ fún wọn pé mo ní ẹ̀ka níbí, àti pé bàbá kan wà nídìí fóònù.

Ọ̀rẹ́ mi ti bá ọ̀dọ́bìnrin rábì tó ń darí ètò náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ti ń ba èmi pé bóyá kò yẹ ká là á níbi àjọ̀dún. Rábì náà ronú díẹ̀, ó ní ká ṣe é ní ife ìkẹrin, torí kò sí èso níbẹ̀.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Ẹni méjì-méjì gba abẹ fẹ́lẹ́ kan àti ẹ̀ka kan. Ẹ mú ìrudi tó sanra, ìyẹn ni ti òdòdó, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ ti ewé. Ẹ gé e ní ìbú, kí ẹ wo àárín rẹ̀ gan-an. Tí àárín bá ní àwọ̀ ewé, àáyè ni. Tí tóńtó búráùn bá wà níbẹ̀, òkú ni, kódà bí gbogbo ìyókù bá tutù yọ̀yọ̀. Tóńtó yẹn ni ibi tí èso ìbá ti yọ.

Mo tún sọ ohun kan tó mú kí gbogbo wọn tẹ̀ síwájú lórí àga. Òdòdó tí peach máa ń yọ pọ̀ ju èyí tó nílò lọ. Bí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá yè, olóko ṣì lè rí èso kún igi. Ọgọ́ta la máa gé. Mẹ́fà péré la ń wá.

Ẹnì kan mú bébà, ó ń fàlà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti igun tábìlì kọ̀ọ̀kan. Òkú. Òkú. Òkú. Ẹnì kan pe àáyè, àwọn kan sì pàtẹ́wọ́. Òkú. Mo ń lọ láti àga dé àga pẹ̀lú lẹ́ńsì, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn méjì pe àáyè tí kì í ṣe àáyè, ojú àánú ni wọ́n fi wò ó. Nígbà tó pé ogójì, a ní méjì. Ariwo ti lọ sílẹ̀. Nígbà tó pé ọgọ́ta, méjì náà ni.

Ọmọkùnrin tó bá mi jiyàn lórí álímọ́ńdì ní, "Ẹ̀ka ṣì kù." Ó kù lóòótọ́. A gé ogójì sí i. Ẹyọ kan péré ló kún un. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

A gé ti ápù náà, torí mo ti mú un dání. Ápù le ju peach lọ, ó lè fara da −30. Àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Inú wọn dùn díẹ̀. Wọ́n mu ife pupa.

Mo jáde lọ pe bàbá náà ní ìta, lábẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú tó mọ́lẹ̀ lórí yìnyín débi tí mo fi lè ka ìwé. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó gbé e ní ìró àkọ́kọ́. Mo ní, "Sà, mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti gé tòun lọ́sàn-án, ní tábìlì ìdáná, òun kò rí ẹyọ kan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ojú òun ni. Ó béèrè èwo nínú àwọn igi ni mẹ́ta náà ti wá. Mo ní ti òkè. Ó ní, "Hm, ti òkè." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n kí àwọn ọ̀rẹ́ mi kú ọdún.

Ní ìgbà ooru 2023, kò sí peach lóko rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ oko káàkiri New England, òru ọjọ́ 3 mọ́jú ọjọ́ 4 yẹn ti gbé e lọ. Ìrì dídì tún já ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, nígbà tí ápù ti tanná, ó sì jẹ lára èyí tó kù fún un. Mo lọ bá a ní Sátidé kan nínú oṣù Keje. Kò sí ohun tí a máa ká, a kàn ń gé ẹ̀ka tí kò dára dànù. Ewé igi peach yẹn dúdú minimini, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Kò kúkú ní èso láti bọ́. Ó fọwọ́ kan ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ó ní kí n wo ibẹ̀. Ìrudi ọdún tó ń bọ̀ ti ń yọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 2024, Tu BiShvat tún dé. A gé ọgọ́ta. Mọ́kànléláàádọ́ta ló yè, wọ́n sì pariwo débi pé ẹni tó wà nínú yàrá kejì wá kan ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹjọ, bàbá náà fún mi ní apẹ̀rẹ̀ peach kan, mo gbé e lọ sí láàbù, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jẹ ẹ́ lórí síǹkì torí omi rẹ̀ ń dà sílẹ̀. Mo bi í léèrè ọdún wo ló ni èso yìí. Igi tí kò so rárá ní 2023 ló ṣe ìrudi rẹ̀, 2024 ló tanná. Ó nu ẹnu, ó ní lọ́dọ̀ Hillel, 2024 ni. Mo ní èmi ò tíì gbà.